Àwo Rì, Ojú Oró Kò Rì: Ìtàn Ewé Orí Omi ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó ti jókòó níbi ìkómọjáde, ìgbéyàwó tàbí ìwúyè, tí kò tí ì gbọ́ kí àgbàlagbà kan gbé ohùn sókè kí ó sì wí pé, “Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ẹ̀yin ni ẹ ó máa lékè,” kí gbogbo ìjókòó sì dáhùn pé, “Àṣẹ.” Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jáde lẹ́nu wa bí ìgbà tí ènìyàn ń mí, a kì í sì í dúró béèrè pé, èwo tilẹ̀ ni ojú oró, èwo ni òṣíbàtà, níbo ni wọ́n ń gbé, àti pé irú ènìyàn wo ni ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ omi pẹ́ títí tí ó fi rí i pé ewé kan ń bẹ tí omi kò lè borí rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí ti gbé láàrin Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fi ojú ara mi rí i pé àdúrà náà kì í ṣe ẹwà ẹnu lásán, ẹ̀rí àwọn ènìyàn tí ó bá omi gbé ni. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn àwọn ewé méjèèjì yìí ní agbègbè tiwa, kí ó tó di pé àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ní ojú omi tán nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Ìlú Ọ̀jọ́ gan-an jókòó sí etí omi tóóró tí ó gba ẹ̀yìn etíkun kọjá láti Èkó dé Àgbádárìgì, tí ó sì tún nà dé ìhà Pọ́tónófò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìbà wà ní òkè, ní ìhà àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Okokomáíkò sì wà láàrin wọn, ní etí ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò kan ọ̀sà Ológè, tí omi rẹ̀ kì í ní iyọ̀. Ilẹ̀ gbogbo agbègbè náà lọ sílẹ̀. Iyanrìn ni lókè, ẹrẹ̀ dúdú ni nísàlẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀ fún oṣù méjì, gbogbo kòtò a di adágún, gbogbo ipa ẹsẹ̀ a di ìṣàn, gbogbo ẹ̀yìnkùlé a sì di àbàtà. Irú omi bẹ́ẹ̀, tí kò jìn, tí kò sì yára sáré, ni ojú oró àti òṣíbàtà fi ṣe ilé.

Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ yìí, Àwórì ọmọ Ọlọ́fin, ọmọ ẹni tí ó fi omi ṣe ọ̀nà. Ìtàn tí àwọn baba wa ń sọ ni pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fún un ní àwo kan, wọ́n ní kí ó gbé e lé orí omi, kí ó máa tẹ̀ lé e, ibi tí àwo náà bá sì rì sí ni kí ó tẹ̀dó. Àwo náà bá odò Ògùn lọ; ó dúró díẹ̀ ní ìhà Olókèméjì, ó dúró ní ìhà Òkè-Àtá tí kò jìnnà sí ibi tí Abẹ́òkúta wà lónìí, kò sì rì títí ó fi dé Ìṣẹ́rì. Níbẹ̀ ni ó ti yí, tí ó sì lọ sí ìsàlẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ fún ara wọn pé àwo ti rì, tí orúkọ náà fi di Àwórì. Láti Ìṣẹ́rì ni wọ́n ti tàn káàkiri, tí àwọn kan dé Èkó, tí àwọn mìíràn sì dé ìhà etí omi ìwọ̀-oòrùn, tí a fi ní Ọlọ́jọ́ ti Ọ̀jọ́ àti Oníbà ti Ìbà títí di òní olónìí.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yẹn. Odindi orílẹ̀ kan gba orúkọ rẹ̀ lára ohun tí ó léfòó tí ó sì wá rì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀dó sí etí àbàtà, ohun tí wọ́n ń bá pàdé ní gbogbo òwúrọ̀ ni ewé kan tí ó léfòó tí kò sì rì láé. Ojú oró kì í ṣe ti Àwórì nìkan, nítorí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí omi bá ti dúró. Síbẹ̀, kò sí ibi tí àdúrà ojú oró ti lè tọ́ sí ènìyàn tó bí ó ti tọ́ sí ọmọ ẹni tí àwo rẹ̀ rì.

Mo ti sọ̀kalẹ̀ sí etí adágún kan rí ní ẹ̀yìn Okokomáíkò, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo sì na ọwọ́ mú ojú oró kan. Ewé rẹ̀ tò yípo bí ewé ẹ̀fọ́ tí a ká tí a sì tẹ́ sínú abọ́, àwọn iṣan rẹ̀ sì gùn láti ìdí dé ṣóńṣó bí ilà tí olóolà fara balẹ̀ kọ. Irun wẹ́wẹ́ bo gbogbo ojú ewé náà, irun tí ó kúnná ju ti ara ọmọ tuntun lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi, mo sì fi ọwọ́ dì í mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fò sókè wìì, omi orí rẹ̀ sì ká jọ di ìlẹ̀kẹ̀ róbótó-róbótó, ó yọ̀ dànù, ewé náà sì gbẹ bí ẹni pé kò rí omi rí. Nígbà tí mo gbé e sókè, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbà, kò sì kan ẹrẹ̀ rárá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ojú oró kékeré mẹ́ta tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìyá àti àwọn ọmọ tí a kò tí ì gé ìwọ́ wọn. Bí ó ti ń bímọ nìyẹn. Bí okùn bá já, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko fi yé wa pé ẹbí kókò ni, ẹni tí ó bá sì wo ewé méjèèjì dáadáa yóò gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Òṣíbàtà kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé tirẹ̀ gbòòrò, ó rí róbótó, etí rẹ̀ ní eyín bí eyín ayùn, ó sì là ní ẹ̀gbẹ́ kan dé ibi tí igi ewé ti so mọ́ ọn. Òdòdó rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tí àwọn òdòdó mìíràn ń sùn ni òun ń ṣí, nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ bá sì ga díẹ̀ a pa ojú dé. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ jù lọ ni pé ó ní ìdí nínú ẹrẹ̀: iṣu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi, igi ewé rẹ̀ sì gùn láti ibẹ̀ dé òkè, ihò afẹ́fẹ́ sì wà nínú igi náà tí èémí fi ń dé ìsàlẹ̀. Bí omi bá pọ̀ sí i, igi náà a gùn sí i.

Níhìn-ín ni mo ti wá mọ ìdí tí àwọn baba wa kò fi fi ewé kan ṣoṣo ṣe àdúrà náà. Ọ̀nà méjì ni à ń gbà lékè. Ojú oró lékè nítorí pé kò so ara rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Bí omi bá gòkè a bá a gòkè, bí ó bá sọ̀kalẹ̀ a bá a sọ̀kalẹ̀. Òṣíbàtà lékè nítorí pé ìdí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìṣòro tí ó bá sì dé ni ó fi ń na ọrùn. Ẹni tí a bá ṣe àdúrà méjèèjì fún ni a ti fún ní ìrọ̀rùn ẹni tí ń rìn, tí a sì ti fún ní agbára ẹni tí ó jókòó ti ilé baba rẹ̀. Àwọn ará etí omi, tí àwọn kan nínú wọn ń tukọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí àwọn mìíràn ń dáko ní ilé, ní ìlò fún àdúrà méjèèjì.

Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, omi ni òpópónà agbègbè yìí. Ọkọ̀ ni a fi ń ru ẹja, àgbọn, ẹní àti epo láti Àgbádárìgì wá sí Èkó, Ọ̀jọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí atukọ̀ ń bá pàdé lójú ọ̀nà. Àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn jọ ń pẹja nínú omi kan náà. Ibi tí ojú oró bá ti bo omi ní ìwọ̀nba, ibẹ̀ ni apẹja ń fi ìgèrè sí, nítorí pé lábẹ́ òjìji ewé náà, láàrin gbòǹgbò tí ó rọ̀ wálẹ̀, ni epìyà kéékèèké ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni àrọ̀ ń wá wọn dé. Kì í ṣe oore nìkan ni ó ń ṣe ṣá: irú ẹ̀fọn kan wà tí ọmọ rẹ̀ máa ń fi ìdí gún gbòǹgbò ojú oró láti fa afẹ́fẹ́ tí yóò mí lábẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe ìlera ìlú kò fi fẹ́ràn rẹ̀ nítòsí ilé. Àwọn baba wa mọ bí a ti í bá a lò: ibi tí ọkọ̀ ń gbà àti ibi tí a ti ń pọnmi, wọ́n a kó o kúrò, ibi tí ẹja ń sùn, wọ́n a fi í sílẹ̀.

Nínú ẹ̀sìn àtijọ́, àwọn ewé méjèèjì wà lára ewé ẹ̀rọ̀, ewé ìtutù, bí ọ̀dúndún, bí tẹ̀tẹ̀, bí rinrin. Àwọn olórìṣà odò, àwọn ọlọ́ṣun àti àwọn oníyemọja, ń gún wọn sínú omi láti fi tu orí lójú, nítorí ohun tí ó ń gbé inú omi ní ọ̀sán gangan tí kò gbóná ni ó yẹ kí á fi wá ìtutù. Ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn náà mọ́ lónìí kò yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ kórìíra ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó yan ewé wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí ó ń wo nǹkan dáadáa kí wọ́n tó fún un ní orúkọ.

Orúkọ náà sì ti rìn jìnnà. Àgbádárìgì, tí omi Ọ̀jọ́ ń dé, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí a ti kó ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ègùn lẹ́rú sọdá òkun. Àwọn tí a kó lọ sí Bùràsíìlì kò lè mú àpótí, wọn kò lè mú aṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé etí omi ilẹ̀ náà wọ́n bá ojú oró níbẹ̀, nítorí pé ewé náà ń hù ní ilẹ̀ olóoru gbogbo, wọ́n sì pè é ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè é. Wọ́n rí ewé odò mìíràn tí ó jọ òṣíbàtà, wọ́n sì fi orúkọ ilé sọ ọ́. Títí di òní, nínú àwọn ilé òrìṣà ní Bahia, àwọn tí kò gbọ́ èdè Yorùbá mọ́ ṣì ń pe ojú oró ní *ojuoró*, wọ́n sì ń pe òṣíbàtà ní *oxibatá*, wọ́n sì ń fi wọ́n wẹ orí ìyàwó òrìṣà. Pierre Fátúmbí Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo, kó ìmọ̀ púpọ̀ nípa irú ewé bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní *Ewé*, èyí tí ó jáde ní ọdún 1995. Bí ènìyàn bá ní òun kò gbà pé ojú oró kì í rì, kí ó rò ó wò: a gbé orúkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrú, òkun kò sì rì í.

Ó wá jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé láti ilẹ̀ kan náà, láti odò Amazon tí ó gba Bùràsíìlì kọjá, ni ọ̀tá ojú oró ti ṣẹ̀. Ewéko kan ń bẹ níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ kí wọ́n lè gbìn ín sí adágún ilé wọn. Igi ewé rẹ̀ wú bí àpò afẹ́fẹ́, bí omi bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní omi Àgbádárìgì, tí ó gba ìhà Pọ́tónófò wọlé. Kò pẹ́ tí ó fi bo iwájú Ọ̀jọ́, tí ó kún ọ̀sà Ológè, tí ó dé Èkó, tí ó sì kọjá lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Àlejò náà kò mọ ìwọ̀n. Ojú oró tí ó bá wà ní ìwọ̀nba a máa fi àyè sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sí omi, ṣùgbọ́n èyí pa gbogbo ojú omi dé bí ẹní, igi ewé wọn lọ́ mọ́ ara wọn, ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọ̀n kò lè rì, ẹja kò rí èémí mí. Mo ti rí i tí apẹja ń fi àdá la ọ̀nà lórí omi bí ẹni tí ń ṣán oko. Kìkì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá ti ojú òkun Èkó wọ inú ọ̀sà tí ó sún mọ́ òkun, ni ó máa ń rọ tí ó sì máa ń kú. Bí òjò bá tún ti padà, tí omi dídùn láti òkè bá ti ti iyọ̀ jáde, a tún padà wá. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti International Institute of Tropical Agriculture, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, kó kòkòrò kékeré tí ń jẹ ewé náà wá láti ọdún 1991, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dín in kù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó ṣì ń jà. Àwọn tí ń da omi ẹlẹ́gbin ilé-iṣẹ́ àti ìdọ̀tí ilé sínú odò ni ó sì ń bọ́ ọ, nítorí ohun tí ń pa ẹja ni ó ń mú òun sanra.

Síbẹ̀ mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ewéko. Ọ̀tá tí ó ti òkèèrè wá kò ṣe èyí tí àwa fi ọwọ́ ara wa ṣe. Láti àárín àwọn ọdún 1970 lọ, ayé ṣí ojú sí agbègbè yìí. A la ọ̀nà ńlá Èkó sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 1977, a ṣe ọjà àgbáyé ní pápá ìpàtẹ tí ó wà lójú ọ̀nà náà, ní ọdún kan náà tí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, FESTAC, kún Èkó. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, a kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ní ọdún 1983 sì ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ọjà Àlàbà dé, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìgbò àti ibi gbogbo dé, akẹ́kọ̀ọ́ dé, ayálégbé dé. Kò sí ẹni tí yóò rí ìtẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúpẹ́, nítorí ìlú tí ó gba àlejò ni ìlú tí ń tóbi. Lónìí, a ń retí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ó ti Marina dé Mile 2 ní ọdún 2023, tí a sì fẹ́ kí ó dé Okokomáíkò.

Ṣùgbọ́n níbo ni a rò pé gbogbo ilé wọ̀nyẹn jókòó lé? A fa iyanrìn láti inú ọ̀sà, a dà á sórí àbàtà. A kó ìdọ̀tí dà sínú adágún títí ó fi di ilẹ̀, a sì ta ilẹ̀ náà. Adágún tí mo ti fi ọwọ́ mú ojú oró ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ti di ilé alájà méjì, pẹ̀lú géètì irin níwájú rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀; bí a bá gba ilé rẹ̀, yóò wá bá wa gbé inú ilé tiwa. Ẹni tí ó bá rántí òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tí ó rọ̀ tí Èkó fi di ọ̀sà, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ewé nìkan. Àbàtà tí ojú oró ń gbé ni abọ́ tí ìlú fi ń gba òjò. Bí a bá fọ́ abọ́, inú yàrá ni omi yóò dà sí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń sọ lórúkọ lónìí ní Okokomáíkò kò ní fi ojú rí ewé tí a fi ń súre fún wọn. Àdúrà tí kò ní ohun tí ó ń tọ́ka sí mọ́ kò tí ì kú, ṣùgbọ́n ó ti di àlejò lẹ́nu ẹni tí ń gbà á. Èyí ni ó ń dùn mí jù, ju ilé tí omi wọ̀ lọ, nítorí a lè tún ilé kọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin baálẹ̀ àdúgbò, ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ ń ta ilẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á: ẹ má ṣe ta adágún tí ó kù. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní omi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní da iyanrìn tàbí ìdọ̀tí sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wa kòtò kan sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ bu omi sí i, ẹ gbin òṣíbàtà kan sí ẹrẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé ojú oró mẹ́ta lé e, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ tẹ ojú oró rì kí ó sì rí i bí ó ti ń padà sókè. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwo àwọn baba wa rì ní Ìṣẹ́rì, a sì fi í ṣe orúkọ. Ojú oró kò rì rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rì sí wa lọ́wọ́.